Orin Tí A Fi Sọdá Ọ̀sà

Lọ́dún tó kọjá, mo kéde fún gbogbo ará ilé mi pé ohun méjì ni mo fẹ́ ṣe kí ọdún tó parí: a ó fi ọwọ́ ara wa wa ọkọ̀ sọdá ọ̀sà, èmi náà á sì kọ orin kan tó jẹ́ tèmi. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní obìnrin tí kì í fẹ́ kí òjò kan òun láti géètì ẹ́sítéètì dé ẹnu ọ̀nà ilé ló fẹ́ di atukọ̀. Mi ò bá a jiyàn. Àkọ́bí wa obìnrin ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí yunifásítì tó jìnnà, mi ò sì fẹ́ kó kúrò nílé láìjẹ́ pé gbogbo wa ti jọ ṣe nǹkan kan tá a lè máa fi yangàn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyẹn.

Orin kọ̀, kò wá. Mo máa ń jókòó sí bálíkóní wa ní ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń jáde lẹ́nu mi ló dà bí ìpolówó ọṣẹ. Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sí i. Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹja fún mi, ọmọ bíbí etí ọ̀sà lẹ́yìn àdúgbò Addo, gbà láti yá wa ní ọkọ̀ wọn, wọ́n sì ní àwọn á jókòó sí ìdí ọkọ̀ kí nǹkan má baà ṣe wá. Títí ọjọ́ náà fi pé, ìgbálẹ̀ àti igi mọ́ọ̀pù la fi ṣe àjẹ̀, tá a fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Lórí kápẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ rọ́ wa sẹ́yìn.

Lórí omi, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọkọ mi ń ro omi bí ẹni ń rokà fún àlejò. Àbíkẹ́yìn wa ọkùnrin ń fi àjẹ̀ tiẹ̀ ta omi sí wa lára. Ọkọ̀ ń pòyì lójú kan, atẹ́gùn sì ń tì wá lọ sínú koríko ojú omi. Àkọ́bí wa gbé àjẹ̀ lé itan.

Ó ní, “Mummy, ẹ jẹ́ ká padà, please. A ti try.”

Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí pé ibi tí gbogbo ẹ̀ máa parí sí nìyẹn.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹnu wa ló dákẹ́ jù, pé orin làwọn fi ń mọ ìgbà tí àjẹ̀ máa jọ wọmi. Ọkọ mi dá orin ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó falẹ̀ jù. Àbíkẹ́yìn dá èyí táwọn ọ̀dọ́ ń jó sí, ó yá jù, àjẹ̀ wá ń gbá ara wọn. Ìbínú ló la ẹnu mi:

“Bàbá wa ń rokà lójú omi!”

Ìyá àgbà gbè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: “A ó dé o, a ó dé.”

“Àbíkẹ́yìn ń wẹ̀, kò bọ́ṣọ!”

“A ó dé o, a ó dé.”

Gbogbo wọn ti ń gbè é. Àjẹ̀ wọmi lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ sì na imú síwájú. Bí mo ṣe ń wá ẹni tí màá tún bú, àkọ́bí wa gba orin mọ́ mi lẹ́nu:

“Ìyá wa ń pàṣẹ, wọn ò mọ̀nà!”

Ẹ̀rín pa wá débi pé ọkọ̀ mì, síbẹ̀ a ò dákẹ́ títí imú ọkọ̀ fi gúnlẹ̀ sórí yanrìn lódìkejì. Mo jó níbẹ̀ tòun ti bàtà tó kún fún omi. Ọkọ mi bọ̀ mí lọ́wọ́.

Àkọ́bí wa ti wà ní yunifásítì báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Òun àtàwọn ọmọ yàrá ẹ̀ ń pọn omi gun òkè họ́sítẹ́ẹ̀lì, orin mi ni wọ́n sì fi ń gun àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ń béèrè pé ta ló ni orin yìí.

Ọmọ mi dá a lóhùn pé, “Mummy mi ni. Olórin ni wọ́n.”