Igun Tábìlì Tí Mo Fi Aṣọ Funfun Wé

Bí ẹ bá wọ palọ̀ mi ní Ìkọ̀lé, tábìlì ìrókò tó wà láàárín ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ọkọ mi ló kàn án. Olùkọ́ ni, kì í ṣe káfíńtà, àmọ́ ọ̀rọ̀ igi máa ń dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Òun náà ló kan kọ́bọ́ọ̀dù tó bá a mu. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, á fi sánpépà ra gbogbo rẹ̀, á sì kùn ún ní fáníìṣì tuntun. Èyí tó kùn gbẹ̀yìn, àìsàn ti dè é mọ́lẹ̀, orí àpótí ló jókòó sí tó fi kùn ún. Láti ìgbà tó ti kú, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ife omi tútù lé e. Ẹ pè mí ní aláṣejù, kò kàn mí.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí. Kàdúná ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, títí ó fi pè mí lọ́jọ́ kan pé yunifásítì ti gba òun síṣẹ́ ní Òyè, ìyàwó òun sì ti rí iṣẹ́ ní Adó. Ó ní ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ wọn yóò máa gbé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Háà! Mo jó nínú kíṣìnnì. Èmi tó jẹ́ pé rédíò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé! Mo ní Ọlọ́run ti rántí mi.

Ìyàwó rẹ̀ wá gba fóònù. Ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Ó ní, "Ẹ kú ilé mà. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí igun àwọn tábìlì yẹn ká tó dé. Ọmọ yìí ò mọ̀ ju eré sísá lọ, ó sì ti forí gbá igun àga rí, ẹ̀jẹ̀ bò ó." Inú kọ́kọ́ bí mi. Ṣé kì í ṣe ìdí tábìlì yìí náà ni ọkọ ẹ ti kọ́ ìrìn ni? Mo ti fẹ́ sọ ọ́, mo gbé e mì. Obìnrin náà ti sin ọmọ kan rí, àkọ́bí rẹ̀, tó sùn tí kò jí mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo ní, "Má dààmú, ìyàwó mi. Màá ṣe é."

Káfíńtà tí mo pè wá ní kí òun fá igun rẹ̀ kó rí roboto, tàbí kí òun fi ìṣó kan fóòmù mọ́ ọn. Ìṣó kẹ̀? Lára igi yìí? Mo ní kó máa lọ sílé, ó dàbọ̀. Mo bá dá a ṣe. Mo kọ́kọ́ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ inú ẹsẹ̀ tábìlì, níbi tí ojú ò tó, kí n fi dán an wò. Ìgbà tí mo ṣí i, fáníìṣì bá a lọ bí èèpo iṣu tó jinná. Mo fi ìkúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi nínú sàréè tó wà. Mo fi àǹkárá wé e, ṣé ẹ mọ bí ilé ṣe máa ń rin lásìkò òjò, aró rẹ̀ bá ràn mọ́ igi. Ó wá ku aṣọ tí kò láwọ̀. Mo fa bẹ́ẹ̀dṣíìtì funfun kan ya, mo ki òwú inú ìrọ̀rí àtijọ́ sí i, mo wé e mọ́ igun kọ̀ọ̀kan, mo sì fi okùn dúdú tí a fi ń kó irun dì í dáadáa nísàlẹ̀, kí ọwọ́ ọmọ má baà tú u. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí igun kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo sì so ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì pọ̀ nítorí àwo tó wà nínú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ò kàn án, ìṣó ò kàn án. Mo sọ fún ara mi pé mo gbìyànjú.

Ọjọ́ Àbámẹ́tà ni wọ́n dé. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ sáré wọlé, àwọn òbí rẹ̀ ṣì ń kó ẹrù nínú mọ́tò. Mo gbé e sókè, mo ní, "Káàbọ̀ sí ulé, ọkọ mi!" Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré, ó fẹsẹ̀ kọ kápẹ́ẹ̀tì, gbàgà, ó forí sọ igun tábìlì. Ó gbórí sókè, ó wò mí, ó bá bú sẹ́rìn-ín. Ó tún padà mọ̀ọ́mọ̀ fi orí sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ayọ̀ gbé mi, mo ń pàtẹ́wọ́: "Tún un ṣe! Tún un ṣe, ọkọ mi!"

Bí ìyá rẹ̀ ṣe wọlé bá wa nìyẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo aṣọ funfun, ó wo okùn dúdú, ó wo ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí mo so pọ̀, ó wá wo ọmọ rẹ̀ tó ń forí sọ tábìlì àti èmi tí mo ń pàtẹ́wọ́ fún un. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó sọ pé, "Ìyàwó mi, òwú lásán ni," ó ti gbé ọmọ náà, ó ti wọ inú mọ́tò, ó ti ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ń sunkún, ó ń nawọ́ sí mi lójú gíláàsì.

Ọmọ mi dúró sáàárín palọ̀. Ó ní, "Màmá, kí ló dé tó fi jẹ́ funfun?" Mo ṣàlàyé sẹ́lótéèpù, mo ṣàlàyé àǹkárá, mo fi inú ẹsẹ̀ tábìlì hàn án. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni ọ̀rọ̀ náà ń dún bí irọ́ létí èmi fúnra mi. Ó ní òun gbà mí gbọ́, kí n jẹ́ kí òun lọ pẹ̀tù sí ìyàwó òun nínú. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sùn.

Ẹ gbà mí! Èmi tí mo ti ń to òdòdó sínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kí wọ́n tó bí ìyàwó ọmọ mi! Mo fi ìbínú tú gbogbo rẹ̀, mo ya fọ́tò tábìlì náà, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù. Èsì tó padà wá ni pé ẹni tó bá ní nǹkan í fi pa mọ́ ló ń tètè palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, wọ́n ní èmi ni mo wọ́ ọ. Jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Adó ni ọmọ náà ń lọ báyìí. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń wá, á jẹun, á tètè dìde. Inú ṣì ń bí mi sí ìyàwó yẹn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ká ní èmi ni mo ti sin ọmọ kan, tí mo wá bá ohun tó bá yẹn, èmi náà á gbé ọmọ mi sá.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì tó kọjá, ọmọ mi pè mí lórí fídíò, ó gbé fóònù sójú ọmọ rẹ̀. Ó ti ga, ó ti ń sọ̀rọ̀ já gaara. Mo ní, "Ọkọ mi! Ṣé o mọ̀ mí?"

Ó wò mí fínnífínní, ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Dádì, ṣé àwọn ni mọ́mì ní kí n má gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn?"

Mo ní, "Èmi ni, ọkọ mi. O káre. Máa gbọ́ràn sí màmá rẹ lẹ́nu."