Bọ́ọ̀lù Tí Àgbàlagbà Gbé Sílẹ̀

Iṣẹ́ kì í ba Gafar lẹ́rù. Nílé ìkẹ́rùsí tó ti ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, ní Mulhuddart lókè òkun, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀. Ọlọ́pàá nìkan ló ń bẹ̀rù. Ìjọba ò tíì dá a lóhùn lórí ìwé ìgbélùú rẹ̀, ó sì dá a lójú pé ẹ̀sùn kékeré kan ti tó láti dá òun, Husainat ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ wọn padà sí Èkó.

Owó wà nílùú nígbà náà, ilé tuntun ń hù níbi gbogbo, títí kan ẹ̀gbẹ́ pápá gọ́ọ̀fù. Nígbà tí ọ̀gá wọn ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá gbá gọ́ọ̀fù nítòsí ìlú Swords, Gafar sá tọ Oyèbánjí lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọ eré náà.

“Má jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá gìgísẹ̀ òsì ẹ o,” Oyèbánjí kìlọ̀. “Tó bá lọ síwájú jù, èjìká ẹ á ṣí, igi tó o fi ń gbá a á gé e láti ìta wá sínú, á wá yà sọ́tùn-ún. E go bend well well!”

Nígbà tí wọ́n dé pápá, kí ni Gafar rí lápá ọ̀tún? Ọgbà onípákó, àti ilé lẹ́yìn ọgbà. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé níbẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá yà síbẹ̀, ọlọ́pàá nìyẹn.

Mister Brennan, arúgbó tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí, ni wọ́n fi ṣe ẹnìkejì rẹ̀. Bàbá náà fọwọ́ ti orúnkún tó ń dùn ún, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún Gafar. “You’re grand,” ó ní, ìyẹn ni pé kò séwu. Bọ́ọ̀lù náà ti kọjá ẹsẹ̀ òsì Gafar dáadáa, Gafar sì rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó tó bàbá ẹni fi ìrora gbé sílẹ̀, ṣé ó wá yẹ kéèyàn sún un kúrò? Ó ní, “Thank you, sir.” Ẹ gbà mí o, ta ló ní kó máa ṣe ọmọlúàbí nídìí gọ́ọ̀fù?

Ó gbé igi sókè. Ó nà kó lè bá bọ́ọ̀lù, èjìká rẹ̀ sì ṣí. Bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ forí lé òsì bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ràn, lẹ́yìn náà ó yà sọ́tùn-ún, ó ń yà lọ, ó fo ọgbà kọjá. Nǹkan kan ró gbàgà. Ọmọdé kan figbe ta.

“Kí ló dé tó ò kàn sún ẹsẹ̀ ẹ?” Brennan bi í.

Gafar ò rò ó rí. Ó ti sáré débi ọgbà, ó ti gba ẹnu géètì wọlé, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin kan tó gbé ọmọ sí ìbàdí. Àga ọmọ náà ti fọ́ sí méjì lórí koríko.

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò lórí ẹ̀ ni,” obìnrin náà wí. “Dìde. Mi ò ní pe ọlọ́pàá.”

Gafar ò tilẹ̀ gbọ́ ìyẹn. “Ma, ẹ jẹ́ kí n rí orí ọmọ náà,” ó ń bẹ̀ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí orí ẹ̀.”