Àṣàbí Tí Kò Jẹ́ Kí Iyọ̀ Kan Ọ̀rá Ìbọn

Yéè! Àṣàbí, ọmọ ọdẹ Àpòmù, ó dìgbà o! Ó dìgbà tí wọ́n bá tún ń yọ́ ìda àti òrí ní òdìkejì odò kí n tó rí ọwọ́ rẹ tó ń dán lẹ́bàá ààrò!

Àwọn ọmọ wa ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tó mọ níwọ̀n, pé ààyè kò pọ̀ nínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kì í mọ ìgbà tí aago bá lù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lẹ́tà kan wà tí n kò kọ tán fún ìyàwó mi láti ayé òyìnbó. Òní ni n ó parí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n sí Ìyá Ẹgbẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, ẹ fìdí mọ́ àga. Nígbà tí kòkó ń kọ́ ilé páànù fún àwọn bàbá wa ní Ìkirè àti Àpòmù, ọ̀kẹ́rẹ́ àti ọ̀bọ náà ń jẹ kòkó lórí igi bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gbìn ín. Ìbọn ṣakabùlà la fi ń lé wọn. Ẹnu ìbọn yẹn ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù, wọn á wá fi àkísà wé ọta òjé, wọn á fi ọ̀pá tì í wọlé. Bí àkísà náà kò bá mu ọ̀rá, ọta á há, èérí ẹ̀tù á gan mọ́ inú irin, ọdẹ á sì dúró níwájú ìmàdò bí ẹni tó fẹ́ kí i pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ìwọ lo ń yọ́ ọ̀rá náà, Àṣàbí. Bàbá rẹ ló kọ́ ọ. Kò bí ọkùnrin, ó sì ní òun kò ní torí ìyẹn gbé ìmọ̀ wọ sàréè. Nígbà tó kú, ìkòkò dúdú tó fi ń yọ́ ọ̀rá ló di tìrẹ. Áà, bí mo bá rántí ọjọ́ tí o bá ń yọ́ ọ̀rá, orí mi a máa wú! Ìkòkò kékeré nínú ìkòkò ńlá, omi láàárín wọn, nítorí o máa ń wí pé, "Ọ̀rá àti iná kì í rí ojú ara wọn." Ẹ̀tù kò gbọdọ̀ wọ àgbàlá lọ́jọ́ náà. Ọdẹ tó bá gbàgbé, tó gbé àdó ẹ̀tù rẹ̀ sún mọ́ ààrò, orógùn lo fi ń lé e dé títì, ì báà jẹ́ arúgbó. Òrí ni yóò kọ́kọ́ yọ́, ìda oyin á tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. O ó fi aṣọ funfun tó ti gbó sẹ́ ẹ. O ó kán an sára ọ̀bẹ, o ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, o ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀ jù? Ìda sí i. Ó le jù? Òrí sí i. Ti ìgbà ọyẹ́ kì í le tó ti ìgbà oòrùn. Lẹ́yìn náà o ó dà á sínú àwọn ìkòkò amọ̀ kékeré, tuntun, tí nǹkan kan kò wọ̀ rí, o ó fi ewé bò wọ́n, o ó dì wọ́n, o ó tò wọ́n sẹ́yìn àmù níbi tó tutù. Ẹni tó bá sì wá gbà á, o ó kìlọ̀ fún un: "Ẹ má pààrọ̀ ilé rẹ̀ o. Ọ̀tá irin ni iyọ̀."

Akọ̀wé kan wà ní Ìkirè nígbà náà, tó ń bá àwọn òyìnbó ra kòkó. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà láàárín wa lónìí, wọ́n sì múra dáadáa. Bàbá náà máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn lọ sóko. Ó máa ń wo aago kó tó sín. Ó ra ìbọn tuntun, ó gba ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n kí òjò ọdún náà tó dá, ìbọn ti dógùn-ún. Ó ní ọ̀rá Àṣàbí ló bà á jẹ́. Ó wá tíṣà tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì jù ú lọ, kó bá òun kọ ẹ̀sùn sí Olúọdẹ Àpòmù.

Èmi ni tíṣà náà.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. N kò tíì mọ Àṣàbí nígbà yẹn, gẹ̀ẹ́sì sì ń pa mí bí ọtí. Ojú ìwé mẹ́ta ni mo kọ. Ọ̀rọ̀ méjì wà nínú rẹ̀ tí n kò tíì rí ìtumọ̀ wọn títí di òní olónìí.

N kò mọ ohun tí mo fọwọ́ fà. Àwọn ọdẹ kan ti ń kùn tẹ́lẹ̀ pé kò yẹ kí obìnrin máa se oúnjẹ fún ìbọn. Àṣà wọn sì ni pé ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ bá ba ìbọn jẹ́, wọn á fọ́ ìkòkò rẹ̀ ní gbangba, kò sì ní yọ́ ọ̀rá mọ́ láéláé. Nígbà tí èmi àti akọ̀wé dé Àpòmù láàárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ìkòkò dúdú bàbá rẹ ti wà nílẹ̀ lábẹ́ igi odán, kùmọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ka lẹ́tà mi. Mo kà á bí bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo parí, Olúọdẹ bi mí pé, "Tíṣà, kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ọ̀rá Àṣàbí ló ba ìbọn òun jẹ́, Bàbá."

"Gbogbo ohun tí o ń jẹ lẹ́nu láti ìyálẹ̀ta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àfi ìwọ. O kúnlẹ̀, ojú rẹ kò kúrò lára ìkòkò. O ní, "Bàbá, ìgbà wo ni mo fún yín ní ọ̀rá tiyín?"

"Ọjọ́ kan náà pẹ̀lú akọ̀wé. Ìkòkò kan náà lo ti bù ú fún àwa méjèèjì."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àkísà nu inú ìbọn méjèèjì."

Wọ́n nu ti Olúọdẹ. Kò sí ìdógùn-ún nínú àkísà náà rárá. Wọ́n nu ti akọ̀wé, àkísà jáde, ó pọ́n bí osùn! Ariwo sọ. Akọ̀wé fò dìde: "Ó mọ̀ọ́mọ̀ fún mi ní èyí tó burú ni!"

O dá a lóhùn jẹ́jẹ́: "Ìkòkò tí mo fi gbé e fún yín ńkọ́, sà?"

"Ìkòkò amọ̀? Èmi? Mo ti jù ú nù! Agolo òyìnbó ni mo yọ́ ọ sí." Ó sì fi ìyangàn fà á yọ nínú àpò: agolo bọ́tà, àwòrán màlúù lára rẹ̀, ó ń dán gbinrin. "Bọ́tà ṣì kù nídìí rẹ̀ pàápàá. Mo jẹ́ kí wọ́n jọ yọ́ pọ̀, kó lè lágbára."

O ti ìka bọ agolo, o tọ́ ọ wò, o gbé e fún Olúọdẹ. Bàbá tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ti inú ìkòkò tìrẹ náà wò. Ó tún padà sí agolo.

Ó pariwo pé, "Iyọ̀!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá wa wo ọdẹ! Wọ́n tò bí ọmọ iléèwé, wọ́n ń tọ́ agolo akọ̀wé wò. "Iyọ̀ bọ́tà ni!" "Ẹ jẹ́ kí n tún tọ́ ọ, n kò tíì dá a mọ̀ dáadáa." Ọ̀kan ní, "Akọ̀wé, iṣu ló kù!" Akọ̀wé wo aago rẹ̀, ó ní òun ní ìpàdé.

Olúọdẹ ju kùmọ̀ sí igbó. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìkòkò náà lé ọ lórí, àwọn tó ń kùn sì ni wọ́n sìn ọ́ délé. Ó wá ní kí n kọ lẹ́tà mìíràn. Mo ní, "Ojú ìwé mélòó, Bàbá?" Ó ní, "Ìlà kan tó." Mo kọ ọ́: Àṣàbí kò jẹ̀bi.

Lọ́sẹ̀ kejì mo ra dòdò Ìkirè, mo gbé e wá fi bẹ̀bẹ̀. O ní, "Gbé e jìnnà sí ìkòkò mi, iyọ̀ wà nínú rẹ̀." O jẹ ẹ́ tán ní ìta. Lẹ́yìn náà o ní, "Tíṣà, èyí tó bú mi jẹ́ ojú ìwé mẹ́ta. Èyí tó yìn mí jẹ́ ìlà kan. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ yín nìyẹn?" Mo fẹ́ ọ, a bímọ, a darúgbó, bí mo bá sì ti ń fọ́nnu nínú ilé, wàá ní, "Lẹ́tà mi ńkọ́?"

Àṣàbí, lẹ́tà rẹ rèé. Mo kà á, ó ju ojú ìwé mẹ́ta lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìkòkò kékeré kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn àmù. Kò sí ìbọn nílé wa mọ́, síbẹ̀ o yọ́ ọ lọ́dún tó kọjá. Mo tú ewé rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo fi ìka tọ́ ọ wò. Kò sí iyọ̀. Mo sáré bò ó padà, nítorí ojú mi ti ń ṣomi, iyọ̀ sì wà nínú omijé. N kò ní fi ọwọ́ ara mi dá ọ lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì.

Àṣàbí kò jẹ̀bi. Sùn re o, ọmọ ọdẹ, níbi tútù, níbi tí ohun tí o dì mọ́ kò ní bàjẹ́.