Táyà Mẹ́rin fún Ọ̀nà Abà

Ẹ̀gbọ́n fi bàtà gbá táyà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ́tí sí i, ó wá mi orí bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ ọ? Èyí lágbára." Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nínú ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládìpọ̀, níbi tí wọ́n ti ń lu irin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ta ló máa gbọ́ ohùn rọ́bà? Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbá táyà kó lè mọ̀ bóyá ó dára, mo máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wa débẹ̀. Mo ra jíìpù àlòkù kan, irú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà, torí mo fẹ́ràn kí n máa rìnrìn àjò afẹ́ lọ síbi tí ọ̀dà kò dé. Ní àdúgbò wa ní Surulere, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin wo ló ń gbé irú ọkọ̀ báyìí lọ ra ata. Màámi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sínú rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó fọwọ́ pa àga, ó ní, "Ṣé eléyìí lè dé abà bàbá mi?"

Abà kòkó ni, ó jìnnà díẹ̀ sí Iléṣà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Ó lé lógójì ọdún tó fi ta aṣọ ní Ọ̀yìngbò, láti ìgbà tí wọ́n sì ti sin bàbá rẹ̀ ni kò ti dé ibẹ̀ mọ́. Lásìkò tí mò ń wí yìí, ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ pátápátá. Dókítà ní ojú ọ̀tún náà ń bọ̀ wá tẹ̀ lé e, pé oògùn kàn lè dá a dúró fúngbà díẹ̀ ni. Màámi kò sunkún. Ó ní òun kàn fẹ́ fi ojú òun rí igi kòkó bàbá òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo kọ́kọ́ dá lọ wo ọ̀nà náà. Táyà ọ̀dà lásán ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí mo dé odò kékeré àkọ́kọ́, ó rì, ó ń yí lójú kan, ẹrẹ̀ ń ta sí mi lára. Àwọn àgbẹ̀ ló fi okùn fà mí jáde, wọ́n ní kí n lọ wá ẹsẹ̀ tó dáa fún ọkọ̀ mi.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀kọ́ táyà nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kà nípa rẹ̀. Mo mọ̀ pé táyà ẹrẹ̀ pọ́nńbélé wà, eléyín ńláńlá, tó máa ń han bí ẹ̀rọ ìlọta lórí ọ̀dà, tó sì máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Mo mọ̀ pé èyí tó yẹ mí ni ti àárín méjì, tó lè sáré wákàtí mẹ́rin lórí ọ̀dà kó sì tún wọ inú ẹrẹ̀ láìṣojo. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, mo mọ̀ pé nọ́ńbà mẹ́rin wà lára gbogbo táyà: méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ń sọ ọdún. Rọ́bà ń darúgbó, ì báà má rìn rí.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo fi han Màámi. Kò tilẹ̀ gbà á. Ó ní, "Lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ ní Mushin. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Ẹ̀gbọ́n kò bá wa tan o. Mẹkáníìkì ni, ọmọ ìlú wa, òun ló ń tún ọkọ̀ bàbá mi ṣe kí bàbá mi tó kú. Ẹ sì mọ bó ṣe rí: bí àgbà bá tẹ̀ lé ọ lọ sọ́jà, ẹnu tirẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tìẹ ni kó o dúró sẹ́yìn kó o di báàgì mú.

Ní ṣọ́ọ̀bù tó mú mi lọ, mo rí táyà tí mò ń wá. Tuntun ni, ti àárín méjì, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n ṣe é. Inú mi dùn, mo nawọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n yínmú.

"Èyí? Páálí lásán ni. Ayédèrú ló kún ìgboro báyìí. Tòkunbọ̀ ni kó o rà. Òyìnbó ti wà á títí, kò bẹ́. Ṣé ọ̀dọ̀ tìẹ ló ti máa wá bẹ́?"

Ibi òkìtì tòkunbọ̀ ló ti lọ yan mẹ́rin, táyà ẹrẹ̀ eléyín ńláńlá, tí wọ́n ti fi nǹkan dúdú kun tó ń dán yinrin. Ọ̀kan nínú wọn ló fẹsẹ̀ gbá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Lábẹ́ dídán yẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Mo ka nọ́ńbà rẹ̀: ọdún mẹ́wàá.

Mo rọra sọ ọ́, kí ẹni tó ń tajà má baà gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nọ́ńbà yìí. Táyà yìí ti pé ọdún mẹ́wàá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ orí fóònù! Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i."

Ọlọ́jà náà gbè é. "Àǹtí, ẹ fi bàbá sílẹ̀ jàre. Bàbá sabí iṣẹ́ wọn. Dis one na original, Bẹ́ljíọ̀mù dairẹ́ẹ̀tì."

Kò sí igi kankan tí mo fẹ́ gùn. Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ̀ níwájú ẹni tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò tipẹ́, mo ti bọ́ Ẹ̀gbọ́n síhòòhò nìyẹn. Èmi tí mo máa ń bá kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ dánfó ja ìjà ṣéńjì ní Ojú Ẹlẹ́gbà, mi ò lè la ẹnu. Mo sanwó, mo kúnlẹ̀ pàápàá, mo ní, "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n." Ìkúnlẹ̀ yẹn ló ń dùn mí jù.

A gbéra ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan. Táyà ń han, ó ń gbọ̀n eyín wa. Màámi wọ aṣọ tuntun, ó jókòó síwájú, ó sì ń fi ojú kan tó kù ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù sókè ketekete bí ọmọ ilé ìwé. Bí ó bá kà á tán, á yíjú sí mi bóyá ó tọ̀nà. Lẹ́yìn Ògèrè la gbọ́ gbàgà, gbàgà lẹ́yìn. Mo bọ́ sílẹ̀. Ojú táyà ti ṣí kúrò lára rẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gbẹ. A pààrọ̀ rẹ̀ sí ẹ́sítírà. A kò tíì rìn jìnnà tí èkejì fi ṣí. Ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ ló wọ́ wa padà sí Èkó.

Màámi ní, "O sáré jù."

"Màámi, ọgọ́rin ni mò ń sá!"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kò lè yan táyà burúkú fún wa. Eré rẹ ni."

Orí mi gbóná. Ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe ń fún ìbòrùn rẹ̀ mọ́wọ́, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dá padà lọ sí Ládìpọ̀, mo ra mẹ́rin tuntun tí mo fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọlọ́jà kan náà ló tà á fún mi, ojú kò tì í. Ó ní, "Bàbá ńkọ́?" Mo ní wọ́n ń kí i. Mi ò sọ fún Màámi. Bí mo bá sọ ọ́, á pe Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n á wá jókòó sí pálọ̀ wa, rọ́bà á wá di ìpàdé ẹbí. Mo kàn ní wọ́n ti bá mi tún un ṣe.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Àwọn ẹbí wa ní Iléṣà pè, wọ́n ní odò ti gba ọ̀nà abà, pé ọkọ̀ kankan kò lè kọjá àfi kí òjò dáwọ́ dúró. Oṣù márùn-ún la fi dúró. Màámi kọ́kọ́ fi ìwé kíkà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun tó ta aṣọ fún ogójì ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé àwọ̀ wo nìyí. Nígbà tó yá, ó ń da tíì sórí tábìlì, á ní ife náà ti kún. Mo bínú sí Ẹ̀gbọ́n, mo bínú sí òjò, ṣùgbọ́n ẹnu ara mi ni mo bínú sí jù. Ẹ̀gbọ́n wá kí wa lẹ́ẹ̀kan, Màámi ní kí n gbé mọ́ọ̀tì tútù fún un. Nígbà tó ń lọ, ó wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi fún ìgbà díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, a lọ. Táyà kò han, kò yọ̀. Odò tó gbé mi mì lọ́jọ́sí, a gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Mo pa ẹ́ńjìnnì síwájú ilé alámọ̀ bàbá rẹ̀. Igi kòkó sún mọ́ wa débi pé ẹ̀ka rẹ̀ ń kan gíláàsì, èso so jìngbìnnì lára rẹ̀, àwọn kan pupa, àwọn kan ní àwọ̀ ìyeyè. Màámi gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó kọjú síwájú gan-an.

Ó ní, "Ṣé a ti ń dé?"

Mo bọ́ sílẹ̀, mo yí lọ ṣílẹ̀kùn fún un. "A ti dé, Màámi."

Ó fara ti ọkọ̀ rìn, ó ń fọwọ́ wá ọ̀nà, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bọ́ sórí táyà iwájú. Ó gbá a pẹ́pẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé o wá rí i? Nígbà tí o ò sáré, táyà tí ẹ̀gbọ́n rẹ yàn gbé wa dé. Tá a bá padà dé Èkó, lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé e lé kòkó tó sún mọ́ wa jù. Ó dì í mú pẹ́, ó wá bi mí pé ṣé ó ti pọ́n.