Ọkọ Ni, àbí Ọkọ̀?

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ Àlàmísì kan ni ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ìyá ìyá mi. Aago ara ògiri ń lu mẹ́rin. Ìyá Àgbà ń ṣe àlùwàlá ìrun Àsárì. Bútà bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, wọn kò sì lè pè mí. Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni.

Nígbà tí a gbé wọn ti ilé ìwòsàn dé, ọ̀rọ̀ tó kù tí wọ́n ń sọ ṣáá ni "ọkọ". Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ fi ohùn sí i lóríṣiríṣi, kí ẹ wo iye nǹkan tó lè jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí a ń pè ní Dádì Ìkòròdú, gbé mọ́tò wá láti Benson n'Ìkòròdú lọ́jọ́ Sátidé kan. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ ni Màmá ń wí. Wọ́n fẹ́ tẹ̀lé mi lọ sílé."

Àǹtí, àbúrò wọn tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé wa, rẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá, ẹ rọra. Ọkọ wọn ni wọ́n ń pè. Ẹ̀yìn ilé yìí la sin Bàbá sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ wà."

"Ṣé òkú ni yóò máa fún wọn lóògùn?"

"Ẹ̀yin náà kì í sí nílé. Ta ni yóò fún wọn n'Ìkòròdú, àwọn ọlọ́kadà?"

N kò gba ẹnì kankan nínú wọn gbọ́. Àǹtí kò fẹ́ kí ilé náà di títì, nítorí ibẹ̀ ni ààrò ẹja wọn wà. Dádì Ìkòròdú kò fẹ́ kí aráyé sọ pé àwọn kò tọ́jú ìyá àwọn. Mo sì ti ṣàkíyèsí pé bí Ìyá Àgbà bá gbìyànjú "ilé" tàbí "ẹ̀kọ", ohùn kan náà ló ń jáde, kò gòkè, kò wálẹ̀. Síbẹ̀, "Bísímílláhì" ń jáde ketekete. Yunifásítì ni mo ti kà á pé ọpọlọ tó farapa lè pàdánù ọ̀rọ̀ tí a ń ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, kí ohun tí a ti há sórí tipẹ́ ṣẹ́ kù. Orí mímì pàápàá kò ṣeé gbára lé: mo fi ẹ̀kọ lọ Ìyá Àgbà, wọ́n mi orí pé rárá, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Dádì Ìkòròdú wá kọjú sí mi. "Ìwọ tó ń sùn tì wọ́n, èwo ni wọ́n ń wí?"

"Ọkọ ni, sà."

N kò mọ̀. N kò fẹ́ kí Ìyá Àgbà lọ ni. Àwọn àgbà sì gbà á, wọ́n ní ọmọdé ò mọ irọ́.

Lóde òní, à bá ti gbé àwòrán sí wọn níwájú lórí fóònù kí wọ́n fi ìka tọ́ka. Bóyá ìyẹn ìbá ràn wá lọ́wọ́. N kò lè búra. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá túmọ̀ ló ni ọ̀rọ̀.

Ìyá Àgbà kò kúrò nílé náà mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé, bí Dádì Ìkòròdú ṣe ń yí mọ́tò padà lójúde lọ́jọ́ Sátidé náà, Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ òsì sókè lójú fèrèsé, wọ́n ń jù ú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dágbére; bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń pe ẹni tó ń lọ padà. Ọwọ́ náà kò wálẹ̀ títí mọ́tò fi ya kọ́nà.