Ìkànnì Tí Wọ́n Ti Ń Kí Mi

Ìyàwó mi ti kú tó ọdún mẹ́ta nígbà tí ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn, tó ń gbé ní Àkúrẹ́, gbé iṣẹ́ kan wá bá mi nílé ní Òkìtìpupa. Ó ní òun fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ilé-ìwé girama. Ilé-ìwé yóò máa sanwó ní sáà-sáà. Àwọn ọmọ wọn yóò máa wọ ìkànnì náà lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ní kíláàsì, wọn yóò béèrè ohun tí kò yé wọn, wọn yóò jọ sọ̀rọ̀, olùkọ́ kan yóò sì wà níbẹ̀ tí yóò máa dá wọn lóhùn.

"Ta ni olùkọ́ náà?" ni mo bi í.

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá. Kí lẹ ń ṣe látàárọ̀?"

Ohun tí mo ń ṣe kò pọ̀. Bí mo bá jí, mo gbàdúrà, mo po tíì, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wo àwọn ọlọ́kadà tó ń lọ sí ọ̀nà Òde-Ìrẹ̀lẹ̀. Obìnrin aládùúgbò mi kan, ọmọ ìjọ Aládùúrà, a máa gbé púpúrú àti ọbẹ̀ ẹja wá fún mi ní ọjọ́ Sátidé. Lẹ́yìn tirẹ̀, ọjọ́ méjì lè kọjá kí n má lanu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyẹn nìkan ni mo fi gbà. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, láyé ọjọ́un, olùkọ́ kan wà tó máa ń pe àwa mẹ́fà kan wá sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Yóò da bisikíìtì sínú àwo, yóò ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí wa létí, yóò wá ní, "Ó yá, níbo ni mo ti ṣìnà?" Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹni tó fọhùn. Ọmọ Ìkálẹ̀ wo ni yóò la ojú sílẹ̀ níwájú àgbà kó ní ó ṣìnà? Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo lanu, tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni mo sọ. N kò gbàgbé bí ara mi ṣe fúyẹ́ nígbà tí mo ń rìn padà sí ilé-ibùgbé wa lọ́jọ́ náà. Mo pinnu pé bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò ṣe máa kọ́ ọmọ.

N kò ṣe é. Mo padà wálé, wọ́n kó ọgọ́ta ọmọ síwájú mi, ẹgba ni mo gbé. Mo sì gbé e títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ilé-ìwé mẹ́ta ló kọ́kọ́ gbà láti bá wa ṣe é: ọ̀kan ní Òkìtìpupa níhìn-ín, ọ̀kan ní Òṣooro, ọ̀kan ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ti Òde-Ìrẹ̀lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mi ni nígbà kan rí. Gbọ̀ngàn tirẹ̀ ni a ti fi iṣẹ́ náà lọ́lẹ̀. Ọmọ mi tan àwòrán ìkànnì náà sára ògiri, àwòrán mi hàn lókè gàgàrà pẹ̀lú fìlà, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wọn wá dìde, ó na ìka sí wọn.

"Bàbá yìí ló kọ́ mi. Ẹni tó bá débẹ̀ tí kò bọ̀wọ̀ fún wọn, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni!"

Àdéhùn wa kò le. Sáà kan péré ni ilé-ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta san. Bí wọn kò bá rí i pé àwọn ọmọ ń jẹ àǹfààní rẹ̀, wọn kò ní san mọ́, iṣẹ́ ọmọ mi parí nìyẹn, tèmi náà sì parí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní aago mẹ́rin ọ̀sán, mo gbé fóònù ńlá tí ọmọ mi rà fún mi sórí tábìlì, mo wọ ìkànnì. Kò pẹ́ tí àkọ́kọ́ fi wọlé: "Ẹ káàsán sà." Òmíràn tẹ̀ lé e: "Ẹ káàsán sà." Kí aago márùn-ún tó lù, ìkíni ti kún ojú fóònù láti òkè délẹ̀. Mo ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Káàsán, ọmọ mi. Ilé-ìwé ńkọ́? Dáadáa ni sà. Àwọn òbí ńkọ́? Wọ́n wà sà. Ẹ ṣé sà.

Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n ti kí àgbà tán, wọ́n wá ń dúró kí àgbà sọ ohun tó kàn.

Mo kọ ọ́ pé, "Kí ni kò yé yín?"

Wọ́n dáhùn pé, "Ó yé wa sà."

Bí ó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kẹta. Ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, inú mi dùn. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó mi, èèyàn tó pọ̀ tó báyẹn kò tíì kí mi rí. Bí ó bá ti di aago mẹ́ta ààbọ̀, mo ti wẹ̀, mo ti wọ aṣọ gidi. Aládùúgbò mi bá mi bẹ́ẹ̀ ní Sátidé kan, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó ń wò mí.

"Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu yín mọ́, Bàbá. Àbí ẹ ti rí ìyàwó lórí fóònù ni?"

"Ọmọ ni mo rí," ni mo fi dá a lóhùn. "Wọ́n pọ̀ bí eṣú."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀gá ilé-ìwé Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ pè mí.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Kí ló dé?"

"Àwọn òbí ń béèrè ohun táwọn ọmọ ń kọ́ níbẹ̀. Mo ṣí i wò. Ìkíni ni, sà. Bàbá kan ní tó bá jẹ́ ìkíni ni, òun lè máa kọ́ ọmọ òun nílé lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Kí ló wá ń ba àwọn ọmọ lẹ́rù tí wọn ò fi béèrè nǹkan kan?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi tí wọn ò rí?"

"Àwòrán yín wà lókè níbẹ̀. Sà, mo ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, orí ìdúró ni mo sì wà bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."

Ọmọ mi wá láti Àkúrẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ti mọ ohun tí yóò ṣe. Yóò yọ àwòrán mi àti oyè mi kúrò. Olúkúlùkù yóò máa fi orúkọ ìnagijẹ wọlé, àtọmọ àtolùkọ́. Bí mo bá dáhùn, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé àgbàlagbà ni.

"Wọn ò ní kí mi mọ́ nìyẹn," ni mo sọ.

Ó gbé ojú kúrò lára mi. "Ẹ̀yin lẹ máa sọ, Bàbá. Mi ò ní fipá mú yín."

Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Ní Ọjọ́rú, mo dáhùn gbogbo ìkíni tó wọlé, mo béèrè ilé àti ará lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn dágbére, mo pe ọmọ mi.

"Yọ ọ́ kúrò."

Ìrọ̀lẹ́ méjì kọjá tí nǹkan kan kò wọlé. Ní ẹ̀kẹta, ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ìwé wa sọ pé láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni ọ̀pẹ ti dé Málésíà. Ṣé òótọ́ ni?" Ẹlòmíràn ní irọ́ ni. Ẹ̀kẹta ní bàbá òun ní oko ọ̀pẹ, kò tà á fún ará Málésíà kankan rí. Wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó bú wọn padà. Èmi náà dá sí i, mo ní òótọ́ ni, ilẹ̀ wa ni wọ́n ti mú èso rẹ̀ lọ tààrà sí Málésíà.

Ọ̀kan nínú wọn fèsì pé, "Kì í ṣe tààrà. Indonéṣíà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé. Lọ tún un kà."

Mo dìde lọ síbi àpótí ìwé mi. Òun ló jàre. Mo kọ ọ́ pé òun ló jàre. Ìdùnnú tó bá mi kò kéré, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú ilé tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ilé-ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta san ti sáà kejì. Méjì mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ wọn, ọmọ mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ ráyè wálé mọ́. Àwọn ọmọ ń jiyàn láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ fi ń ṣú, n kò sì gbọ́ ẹ káàsán lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ṣàlàyé nǹkan kan fún ọ̀kan nínú wọn, ó bi mí pé, "Kíláàsì wo lo wà?"

Mo ronú sí i. Mo kọ ọ́ pé, "Mo ti jáde."

"O ti jáde, o tún ń bá wa ṣe é? O gbìyànjú. Ta lẹ jọ ń gbé?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì. Ìka mi kò yá mọ́. Kí n tó kọ ọ́ tán, ẹlòmíràn ti gbé ìṣirò wọlé, àwọn bí i márùn-ún ti gba ẹnu ara wọn, ìbéèrè ọmọ náà ti lọ sókè, kò hàn mọ́. Mo pa ohun tí mo ti kọ rẹ́, mo sì bá wọn dáhùn ìṣirò náà.