Àwọ̀n Tí Uwais Ń Jù Fún Àlejò

Uwais kì í ju àwọ̀n sómi láìpe orúkọ Ọlọ́run. Ogójì ọdún ló fi pẹja ní adágún Qarun, gbogbo wa ní Shakshuk la sì mọ ohùn rẹ̀ láàárọ̀: "Bismillahi," àwọ̀n á sì tẹ́ lójú omi. Nígbà tó yá, iyọ̀ inú omi náà le jù, ẹja kú tán. Àwọn apẹja fa ọkọ̀ wọn sórí ilẹ̀, wọ́n jókòó tì í.

Ibi tí a ti ń sá àwọ̀n tẹ́lẹ̀ ni ọ̀gá kan láti Kairo wá gbà. Ó pàgọ́ síbẹ̀ fún àlejò tó wá gbafẹ́: àgọ́ kékeré fún tọkọtaya, àgọ́ ńlá fún ẹbí, ahéré alámọ̀ fún ẹni tí kò lè sùn lórí iyanrìn. Ẹni tó bá gbé àgọ́ tirẹ̀ wá á sanwó ilẹ̀. Ilẹ̀ wa o. Àwọn àlejò á wa ọkọ̀ kékeré títí, wọ́n á jókòó sórí pákó, wọ́n á máa yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkìtì iyanrìn bí ọmọdé. Ọ̀gá gbà mí láti máa se oúnjẹ wọn. Ó gba Uwais náà, pé kó máa ju àwọ̀n láràárọ̀ kí àlejò lè rí fọ́tò yà.

Uwais ní, "Ẹja wo ni mo fẹ́ pa?"

Ọ̀gá ní, "Ìyá Fathi á bójú tó ìyẹn."

Èmi ni Ìyá Fathi. Láàárọ̀ kùtù ni mo máa ń ra ẹja buri lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín, ààyè ni mo ń rà á. Àwọ̀n méjì la ní. Màá di ẹja sínú ọ̀kan, màá so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ lábẹ́ omi. Uwais á ju ìkejì. Èyí tó bá jù kọ́ ló ń fà.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kò ti pe Bismillahi mọ́. Mo bi í léèrè.

"Ìyá Fathi, ṣé Ọlọ́run ni ká tún wá fi ṣe ẹlẹ́rìí èké?"

"Fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà."

"Kíndìnrín ìyàwó mi ńkọ́? Ìwọ ni wàá máa ra oògùn rẹ̀?"

Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, àwa méjèèjì la sì jẹ ẹ́.

Ọjọ́ ọdún Shamm en-Nessim dé, tí kò sẹ́ni tí í jókòó sílé ní gbogbo Íjíbítì. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ọ̀gá ń ṣí ilẹ̀kùn fún ará abúlé. A tẹ́ ẹní, a kó ẹja oníyọ̀, àlùbọ́sà eléwé àti ẹyin aláwọ̀ jáde. Uwais bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kóun sinmi lónìí, nítorí àwọn tó máa wò ó lónìí mọ̀ nípa ẹja. Ọ̀gá ní òní gan-an ni àlejò pọ̀ jù.

Ó ju àwọ̀n. Ó fa èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Buri ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, àlejò ń pàtẹ́wọ́. Tawwab dìde láàárín wa tòun ti àlùbọ́sà lọ́wọ́. Inú ọkọ̀ kan náà lòun àti Uwais ti dàgbà.

"Ó ti padà," ó ní. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Uwais, o mọ̀ pé ẹja ti padà, o ò sì sọ fún mi? Ahun ni ọ́."

Uwais wo ọ̀gá tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Díẹ̀díẹ̀ ló ń padà," ó ní.

Inú mi bàjẹ́ sí i, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ẹja wà lọ́wọ́ èmi náà.

Tawwab ta abo ẹfọ̀n tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń mu wàrà rẹ̀. Ó tún ọkọ̀ ṣe, ó ra àwọ̀n tuntun. Oṣù méjì ló fi ń jáde, kò rí ìpẹ́ kan mú bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹgbẹ́ rẹ ń pẹja lójoojúmọ́." Uwais ò gba ojúlé wọn kọjá mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tawwab wá bá wa ní ibi àgọ́. Mò ń fọ ìkòkò, Uwais ń tún àwọ̀n ṣe.

"Mo rò pé ọwọ́ mi ló ti kú," ó ní. "Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́jọ́ Shamm en-Nessim, mi ò gbọ́ Bismillahi lẹ́nu rẹ. Ṣé etí mi ló di ni?"

Mo dá ọwọ́ dúró. Mo fẹ́ kí Uwais sọ ọ́. Mo sì ń bẹ̀rù kó má lọ sọ ọ́.

Uwais ò gbójú sókè. "Etí rẹ ti di tipẹ́, Tawwab. Àgbà ti dé."

Tawwab mi orí. "Mo ti rò bẹ́ẹ̀. O ṣeun tí o sọ fún mi."

Lọ́sẹ̀ yẹn ló la ọkọ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó sì ru igi rẹ̀ wá tà fún wa, torí àlejò fẹ́ràn kí wọ́n máa yáná níwájú àgọ́. Igi náà ti mu iyọ̀, kò tètè jó. Òun ni mo fi yan ẹja Uwais.